Kí ló dé tí sìmẹ́ǹtì alápòpọ̀ fi ń pẹ́ kí ó tó le?

Abánikọ́lé
Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí láàmú, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi tú u. A po kọnkéré oríṣi méjì lọ́jọ́ kan náà, a sì fi wọ́n ṣe kíúbù ìdánwò tí a ó fi ẹ̀rọ fọ́ láti mọ agbára wọn. Yanrìn kan náà ni, òkúta kan náà, ìwọ̀n omi kan náà. Sìmẹ́ǹtì Pọ́tílándì lásán la fi po ti àkọ́kọ́. Sìmẹ́ǹtì alápòpọ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sára àpò rẹ̀ pé eérú èédú wà nínú rẹ̀, la fi po èkejì, òun náà la sì dà sí òrùlé pẹrẹsẹ ilé tí à ń kọ́. Nígbà tí a fọ́ kíúbù lọ́jọ́ kẹta, agbára èkejì rẹlẹ̀ gan-an sí ti àkọ́kọ́. Oníilé sọ pé wọ́n bu eérú mọ́ ọjà láti fi rẹ́ òun jẹ, ó sì fẹ́ kí a wó ohun tí a ti dà.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró di ọjọ́ 28, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí pé n kò lè ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí ó dúró dè. Kí ni eérú yẹn ń ṣe nínú kọnkéré ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí? Ṣé ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, àbí iṣẹ́ kan ń lọ tí ojú wa kò rí?

Bíríkìlà_Àgbà
Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n wó o. Mo ti lo irú sìmẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó dì, ojú rẹ̀ a máa rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ti àkọ́kọ́ ti gba ọwọ́ ìpara tán, ṣùgbọ́n bí oṣù kan sí méjì bá ti kọjá, èèyàn kì í mọ ìyàtọ̀ mọ́ bí ó bá fi ìṣó gbá a. Ohun tí èmi rò ni pé eérú máa ń di omi mú, tí kì í jẹ́ kí kọnkéré tètè gbẹ. Bí ó bá ti gbẹ tán, yóò le.

YàráÌdánwò
Ẹ kú iṣẹ́, bàbá wa. Ìmọ̀ràn yín pé kí wọ́n má wó o, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n fi ọ̀wọ̀ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ìpayà oníilé náà dúró lé. Kọnkéré kì í le nítorí pé omi fi í sílẹ̀. Inú sìmẹ́ǹtì ni omi ń wọ̀ lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń di ara òkúta tuntun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ omi, yóò le síbẹ̀. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí oòrùn fa omi rẹ̀ tán lọ́jọ́ kejì, ibi tí agbára rẹ̀ bá dé ni yóò dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú àpò. Kílíńkà ni ọkàn sìmẹ́ǹtì Pọ́tílándì. Òkúta ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n ń sun pọ̀ títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 1450°C kí ó tó di kílíńkà, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú jípsọ́ọ̀mù díẹ̀, ìyẹn òkúta rírọ̀ kan tí sọ́lféètì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́rin pàtàkì ló wà nínú rẹ̀: álàìtì, tí ó sábà máa ń tó ìdajì tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́làìtì, tí ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àlúmínéètì, àti fẹ́ráìtì. Àlúmínéètì ló yára jù lọ nínú wọn. Bí kò bá sí jípsọ́ọ̀mù, ojú ẹsẹ̀ ni ìbá bá omi dì, kí òṣìṣẹ́ tó gbé kọnkéré dé ibi tí ó fẹ́ dà á sí. Jípsọ́ọ̀mù ló ń fà á sẹ́yìn, tí àwọn méjèèjì pẹ̀lú omi yóò fi di ẹ́tríngáìtì, ìyẹn kírísítálì tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Álàìtì ní tirẹ̀ a kọ́kọ́ yọ́ díẹ̀ sínú omi, lẹ́yìn náà a dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan. Àsìkò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni à ń rí kọnkéré gbé, tí à ń rí i dà, tí à ń rí i tẹ́. Nígbà tí ó bá tún gbéra, ooru yóò máa jáde, kọnkéré yóò dì, líle yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ni álàìtì àti omi ń bí. Àkọ́kọ́ ni àpòpọ̀ kálísíọ̀mù, sílíkà (èròjà tí ó pọ̀ nínú yanrìn) àti omi tí à ń kọ ní C-S-H. Ó dàbí jẹ́lì, kò ní ìrísí kírísítálì tí ó tò dáadáa, òun gan-an sì ni àtè tí ó so yanrìn àti òkúta pọ̀. Èkejì ni kálísíọ̀mù háídírọ́síàídì, ẹfun tí omi ti rẹ. N ó máa pè é ní ẹfun rírẹ nínú ọ̀rọ̀ mi. Nínú sìmẹ́ǹtì Pọ́tílándì tí ó ti le tán, ẹfun rírẹ lè kó ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú márùn-ún ìwọ̀n àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì àti omi náà. Agbára tí ó ń fún wa kò pọ̀ rárá, omi tí ń ṣàn sì lè fọ̀ ọ́ jáde.

Ibí yìí ni eérú ti wọlé. Sílíkà àti àlúmínà (èròjà tí ó wà nínú amọ̀ pẹ̀lú) inú eérú èédú wà ní ìrísí dígí, nítorí pé iná yọ́ wọn, wọ́n sì tutù kíákíá kí wọ́n tó ráyè to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ. Omi lásán kò lè ṣe dígí yìí ní ohunkóhun tí ó tó nǹkan. Ṣùgbọ́n omi tí ó wà nínú ihò kọnkéré kì í ṣe omi lásán mọ́: sódíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù láti inú kílíńkà ti yọ́ sínú rẹ̀, tí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe ta bí ẹfun tó, fi ju 13 lọ (bí mo bá ní omi le, ohun tí mò ń sọ nìyẹn). Omi líle yìí ló ń já ìdè sílíkà inú dígí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sílíkà tí ó bá já yóò pàdé ẹfun rírẹ, àwọn méjèèjì pẹ̀lú omi yóò sì di C-S-H mìíràn. Ohun tí kílíńkà bí tí kò wúlò púpọ̀ ni eérú ń gbà tí ó ń sọ di àtè.

Ẹ̀yin náà ti rí i báyìí, Abánikọ́lé: eérú kò lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àfi bí kílíńkà bá ti ṣe tirẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Omi náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ le, ẹfun rírẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà, dígí náà sì gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ yọ́. Fún ọ̀pọ̀ eérú èédú, iṣẹ́ yìí kì í hàn dáadáa títí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò fi kọjá, ó sì lè máa lọ fún oṣù púpọ̀. Lọ́jọ́ kẹta tí ẹ fọ́ kíúbù, apá kan kílíńkà ni ẹ ti mú kúrò, tí ẹ sì fi ohun tí kò tíì jí rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ yín sọ fún yín lọ́jọ́ náà jẹ́ òótọ́, àmọ́ kílíńkà nìkan ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì po ẹfun mọ́ eérú òkè ayọnáyèéfín láti agbègbè Pozzuoli nítòsí Naples, orúkọ ìlú yẹn ni a sì fi ń pe gbogbo irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní pọsolánà títí di òní. Òrùlé Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan ní Róòmù, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 126, ṣì dúró lórí àtè tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ bí.

Akẹ́kọ̀ọ́Kẹ́míkà
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àlàyé yín wọlé, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò bá a mu nínú ohun tí mo rí. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ tí ń wọn ooru ṣe àyẹ̀wò sìmẹ́ǹtì méjèèjì, ooru tí alápòpọ̀ mú jáde lápapọ̀ kéré gẹ́gẹ́ bí a ti retí. Àmọ́ nígbà tí a pín in fún gíráàmù kílíńkà tí ó wà nínú rẹ̀, ó pọ̀ ju ti Pọ́tílándì lásán lọ, láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ pàápàá. Bí eérú bá ń sùn lóòótọ́, ta ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn?

YàráÌdánwò
Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú, àbúrò. Kílíńkà náà ló ń ṣe é, nítorí pé ààyè gbà á. Bí omi bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà tí kílíńkà sì dín kù, omi àti ààyè tí ó kan hóró kílíńkà kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí, C-S-H nílò ojú ibi tí yóò ti hù. Ara hóró eérú sì jẹ́ ilẹ̀ tuntun fún un láti fìdí múlẹ̀. Nítorí náà, kí eérú tó ṣe ìyípadà kankan fúnra rẹ̀ ni ó ti ń ran kílíńkà lọ́wọ́ nípa wíwà níbẹ̀ lásán. Bí hóró èròjà náà bá ṣe kúnná tó ni ìrànlọ́wọ́ yìí ń pọ̀ tó, èyí sì wà lára ohun tí ó fà á tí ìyẹ̀fun òkúta ẹfun fi máa ń ta álàìtì jí ju eérú lọ, àwọn eérú mìíràn tilẹ̀ máa ń fa wákàtí dídì sẹ́yìn kí ìrànlọ́wọ́ náà tó hàn. Ìrànlọ́wọ́ yìí kò tó láti dí àlàfo kílíńkà tí a yọ, ohun tí kíúbù ọjọ́ kẹta rí nìyẹn.

Eruku sílíkà tí ń jáde láti inú iléeṣẹ́ tí ń ṣe sílíkọ́nì wà ní ìpẹ̀kun kejì. Hóró rẹ̀ kéré tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún hóró sìmẹ́ǹtì. Òun kì í sùn fún ọ̀sẹ̀ kan: láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ó ti ń jẹ ẹfun rírẹ.

Ìdàrọ́
Ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo sì fẹ́ fi kún un pé kí a má ka gbogbo alápòpọ̀ sí ọmọ ìyá kan náà. Iṣẹ́ tèmi wà lórí ìdàrọ́ tí ń jáde láti inú iléru tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Bí wọ́n bá fi omi pa á nígbà tí ó ṣì ń ṣàn, yóò di hóró dígí, èyí tí wọ́n á lọ̀ kúnná. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti eérú èédú ni pé ìdàrọ́ ti gbé ẹfun tirẹ̀ wá láti ilé. Kò nílò kí kílíńkà fún un ní ẹfun rírẹ kí ó tó lè di C-S-H. Ohun tí ó nílò ni kí ẹnì kan jí i. Bí ẹ bá pò ó mọ́ omi lásán, yóò yọ́ díẹ̀, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò bo ara rẹ̀, yóò sì dúró. Bí omi náà bá ti le láti ara kílíńkà, tàbí tí sọ́lféètì bá wà níbẹ̀, ìbora yẹn kò ní lè dá a dúró mọ́.

Emil Langen ló ṣàkíyèsí èyí ní Jámánì ní ọdún 1862. Ẹ wo ibi tí ó ti gbé wa dé: ìlànà EN 197-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù fàyè gba ìdàrọ́ láti 36 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún nínú oríṣi sìmẹ́ǹtì tí ó pè ní CEM III/A, 66 sí 80 nínú III/B, àti 81 sí 95 nínú III/C. Nínú èyí tí ó kẹ́yìn yẹn, kílíńkà lè má ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, síbẹ̀ yóò di òkúta. Ẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú eérú èédú, nítorí pé ẹfun tí yóò jẹ kò ní sí níbẹ̀.

Nítorí pé ìdàrọ́ ń fara balẹ̀, ooru rẹ̀ kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí sì nìyẹn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ìpìlẹ̀ ńláńlá àti ìdídò, níbi tí àárín kọnkéré lè gbóná ju ojú rẹ̀ lọ títí yóò fi sán.

Bíríkìlà_Àgbà
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo gba àtúnṣe yín lórí ọ̀rọ̀ gbígbẹ. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fi í jẹ́ kí a sùn kí a tó bomi rin ohun tí a dà. Ìdàrọ́, mo ní ìbéèrè kan fún ọ. Ní ìgbà kan a tú pákó kúrò lára ògiri kan, a sì rí i pé àwọ̀ rẹ̀ dà bí àwọ̀ aró tí ó pọ̀ mọ́ ti ewé. Ẹ̀rù bà wá, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún wa sì sọ pé a ti ba nǹkan òun jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó funfun padà. Ṣé ọ̀rọ̀ ìdàrọ́ ni?

Ìdàrọ́
Òun ni, bàbá. Sọ́lfáìdì inú ìdàrọ́ ló ń fún un ní àwọ̀ yẹn nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọlé, ó ń yí padà, àwọ̀ náà a sì pòórá láti ara wá sí inú. Bí ẹ bá fọ́ kọnkéré ìdàrọ́ tí ó ti pẹ́, ẹ ṣì lè bá àwọ̀ náà ní àárín. Èmi a máa yọ̀ bí mo bá rí i, nítorí pé ó ń sọ fún mi pé ìdàrọ́ ti ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ kò sì tíì rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀ jìnnà.

Akẹ́kọ̀ọ́Kẹ́míkà
Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan amọ̀ sísun, nítorí pé òun ni mò ń kà báyìí. Bí a bá sun amọ̀ tí káólìn, ìyẹn amọ̀ funfun, wà nínú rẹ̀ ní nǹkan bí 700 sí 850°C, omi inú kírísítálì rẹ̀ yóò jáde, ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ yóò dàrú, yóò sì di pọsolánà tí ó yára ju eérú èédú lọ. Àwọn olùwádìí ní Switzerland, Íńdíà àti Cuba ló jọ ṣe sìmẹ́ǹtì alámọ̀ sísun tí wọ́n ń pè ní LC3. Àpòpọ̀ rẹ̀ tí a mọ̀ jù ni kílíńkà 50 nínú ọgọ́rùn-ún, amọ̀ sísun 30, òkúta ẹfun tí a kò sun 15, àti jípsọ́ọ̀mù 5.

Ohun tí ó wú mi lórí ni ipa òkúta ẹfun. Mo ti rò pé ó kàn ń dí àyè ni. Ṣùgbọ́n àlúmínà tí amọ̀ tú jáde ń bá kábọ́néètì rẹ̀ di kírísítálì mìíràn, ẹ́tríngáìtì a sì dúró láìyí padà. Ohun líle inú ihò a wá pọ̀ sí i. Pẹ̀lú amọ̀ tí ó dára, kílíńkà ìdajì péré lè bá Pọ́tílándì dọ́gba ní nǹkan bí ọjọ́ keje.

Atọ́jú-Afárá
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti yin alápòpọ̀ dáadáa, mo sì gbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni láti máa tún ohun tí ó ti bàjẹ́ ṣe, nítorí náà ó di dandan kí n sọ apá kejì. Ẹ ń sọ pé ẹfun rírẹ kò wúlò púpọ̀. Fún agbára, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Fún irin tí a fi sínú kọnkéré, ilé ìṣúra ni. Kábọ́ọ̀nù dáíọ́síàídì láti inú afẹ́fẹ́ ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ ẹfun rírẹ padà di òkúta ẹfun, pH omi inú ihò a sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 9 tàbí kí ó kéré sí i. Irin tí omi líle ń dáàbò bò yóò wá di ẹran ìpata. Alápòpọ̀ ti jẹ lára ìṣúra yẹn kí afẹ́fẹ́ tó dé. Mo ti wọ́n finọfítáléènì, oògùn tí ń di aláwọ̀ osùn níbi tí omi inú ihò bá ṣì le, sí ojú kọnkéré alápòpọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, tí wọn kò bomi rin dáadáa nígbà tí wọ́n dà á, mo sì rí i pé apá tí kò di aláwọ̀ osùn ti jìn dé ibi irin.

YàráÌdánwò
Ìkìlọ̀ yín ṣe pàtàkì, n kò sì ní jà á níyàn. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú nínú ọ̀rọ̀ yín gan-an ni gbólóhùn yẹn pé wọn kò bomi rin ín dáadáa. Ara kọnkéré ló ń kọ́kọ́ gbẹ, ara náà sì ni afẹ́fẹ́ ń bá pàdé. Bí ọ̀rinrin inú ihò bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyípadà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Pọ́tílándì tí ó gbẹ lọ́jọ́ kẹta ti ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Alápòpọ̀ tí ó gbẹ lọ́jọ́ kẹta kò tíì ṣí ojú. Ihò ńláńlá ni yóò wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ẹfun rírẹ tí kò pọ̀.

Níbi tí iyọ̀ òkun wà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ihò inú alápòpọ̀ tí a tọ́jú dáadáa tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, àlúmínà rẹ̀ sì ń di kíláráìdì, èròjà inú iyọ̀, mú, nítorí náà iyọ̀ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ irin. Nínú omi òkun, èmi yóò mú alápòpọ̀ ìdàrọ́ ṣáájú Pọ́tílándì lásán láìṣiyèméjì. Fún ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní ìta, tí irin rẹ̀ sún mọ́ ojú, tí kò sì sí ẹni tí yóò bomi rin ín, ẹ̀rù a bà mí.

Abánikọ́lé
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ló kù tí mo fẹ́ béèrè. Ọjọ́ mélòó ni kí n fi bomi rin ín? Kí ni kí n sì sọ fún oníilé nípa àmì 42.5N tí ó wà lára àpò, tí ó ń sọ pé irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀?

YàráÌdánwò
Àmì náà gan-an ni yóò ràn yín lọ́wọ́. 42.5 túmọ̀ sí pé lọ́jọ́ 28, àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì àti yanrìn ti ìlànà ìdánwò náà kò gbọdọ̀ kéré sí 42.5 MPa (MPa ni ẹyọ tí a fi ń wọn agbára). Lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀: 42.5R gbọ́dọ̀ tó 20 MPa lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n 10 MPa péré ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ 42.5N. Àwọn tí ó kọ ìlànà náà mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì méjì lè dé ibì kan náà lọ́jọ́ 28 láìjọ gbéra. Ẹ wo ohun tí ó wà lára àpò Pọ́tílándì tí ẹ fi wé e. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ó bá jẹ́ R.

Ní ti omi, ọjọ́ 7 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún Pọ́tílándì. Fún èyí tí eérú wà nínú rẹ̀, èmi kì í gba ohun tí ó kéré sí ọjọ́ 14, bí ojú ọjọ́ bá sì tutù, mo máa ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òtútù ń fa iṣẹ́ pọsolánà sẹ́yìn ju bí ó ti ń fa ti kílíńkà lọ. Kí ẹ má jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ kí ó tún rin, kí ó tún gbẹ. Kí ó wà ní rírin láìdáwọ́ dúró. Èyí tí ó kẹ́yìn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbàgbé: ẹ má ṣe tú òpó tí ó gbé òrùlé náà ró ní iye ọjọ́ tí ẹ máa ń tú ti Pọ́tílándì. Kíúbù ni kí ó sọ fún yín, kí ẹ má wo kàlẹ́ńdà. Agbára tí yóò ní lọ́jọ́ 56 kò lè gbé e ró lọ́jọ́ 10.

Abánikọ́lé
Mo ti padà sọ́dọ̀ oníilé. R ló wà lára àpò Pọ́tílándì yẹn lóòótọ́, nígbà tí mo sì fi àpò méjèèjì hàn án, ó gbà kí a dúró. A ti fi àpò tí ó rin bo òrùlé náà láti etí dé etí, ẹnì kan sì ń bomi sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. A kò tíì fọwọ́ kan òpó kankan. Kíúbù alápòpọ̀ tí ó kù jẹ́ mẹ́fà, gbogbo wọn wà nínú omi: méjì fún ọjọ́ 28, méjì fún ọjọ́ 56, méjì fún ọjọ́ 90. N ó kọ èsì wọn síbí bí a bá ṣe ń fọ́ wọn.